Èéyi Ṣeé Lé Kúrò Láyé, Ṣùgbọ́n Ta Ni Yóò Ṣí Ìgò?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, nítorí pé owó ìlú wà nínú rẹ̀, ẹ̀mí ọmọ wa sì wà nínú rẹ̀.

Èéyi ni. Àwọn kan láàrin wa ń pè é ní ìta. Nínú ìwé ilé ìwòsàn, rougeole ni wọ́n ń kọ. Ní ìpàdé wa tó kọjá, ẹnìkan dìde, ó ní: "Àwọn òyìnbó lé ṣànpọ̀nná lọ, kí ló wá dé tí wọn ò lè lé èéyi?" Ọ̀pọ̀ ló rẹ́rìn-ín. Àwa ò rẹ́rìn-ín, torí ìbéèrè náà dára, ó sì ní ìdáhùn. Ìdáhùn tiwa ni pé èéyi ṣeé lé kúrò ní gbogbo ayé. Abẹ́rẹ́ tí yóò lé e ti wà láti 1963. Ohun tó kù kò sí ní ọwọ́ àwọn onímọ̀ nìkan mọ́. Ó wà ní ọwọ́ ìjọba, ó wà ní ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, apá kan rẹ̀ sì wà ní ààfin àti ní agbo ilé wa níbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti Olóde, kí àwọn àgbà má bínú pé a dárúkọ rẹ̀ ní gbangba. Ní 1967, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe orílẹ̀-èdè wa ní Dahomey, ètò kan bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 20 ní ìwọ̀ oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà. Dahomey wà nínú rẹ̀, Tógò náà wà nínú rẹ̀. Amẹ́ríkà ló kó owó àti ọkọ̀ wá, OMS tí í ṣe àjọ ìlera àgbáyé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Áfíríkà ló gbé àpótí abẹ́rẹ́ wọ abúlé. Nítorí náà, kí a má sọ pé òyìnbó nìkan ló ṣe é. Àwọn ẹgbẹ́ wa yóò rántí ìbọn abẹ́rẹ́ yẹn, tí ó ń dún pá lára apá, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi ń sá wọ igbó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1970 ni wọ́n rí aláìsàn ìkẹyìn ní agbègbè wa, ní Nàìjíríà. Kò tó ọdún mẹ́rin. Ní 1977, ní Sòmálíà, ọkùnrin kan tó ń se oúnjẹ ní ilé ìwòsàn, Ali Maow Maalin, ni ẹni ìkẹyìn láyé tí àrùn náà mú láti ọwọ́ ẹlòmíràn ní ìgboro. Ó yè é. Nígbà tó yá, ó bá àwọn tó ń fún ọmọdé ní àjẹsára pólíò rìn, ó ń sọ fún àwọn ìyá pé òun nìyí, òun ni ẹni ìkẹyìn. Ibà ló pa á ní 2013, lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ní 1980, OMS kéde pé ṣànpọ̀nná ti tán láyé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé àrùn méjì ló wà nínú ètò 1967 yẹn. Wọ́n ní kí wọ́n pa ṣànpọ̀nná run, kí wọ́n sì kápá èéyi pẹ̀lú. Ẹ wo Gáńbíà, orílẹ̀-èdè kékeré tí kò ju etí odò lọ: ní ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n fún ọmọ wọn ní abẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èéyi dáwọ́ dúró níbẹ̀ pátápátá. Wọ́n ṣe é kí Faransé tó ṣe é, kí Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe é. Lẹ́yìn náà owó ètò tán. Abẹ́rẹ́ èéyi wọ́n ju ti ṣànpọ̀nná lọ jìnnà nígbà náà, àwọn ìjọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira kò lè máa rà á lọ́dọọdún. Àwọn obìnrin sì ń bímọ. Èéyi padà wá bá àwọn ọmọ tuntun, bí ẹni tó lọ sọ́jà tó sì bọ̀ wálé.

Ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Èéyi kì í ṣe àrùn tí a lè lé lẹ́ẹ̀kan kí a lọ sùn. Ọdọọdún ni igbó tuntun ń hù fún iná rẹ̀.

Kí ló wá mú kí a sọ pé ó ṣeé ṣe? Èkíní, èéyi kò ní ilé mìíràn yàtọ̀ sí ara ènìyàn. Kì í gbé inú ẹranko bí àrùn dìgbòlugi, kì í gbé inú ilẹ̀, ẹ̀fọn kì í gbé e kiri. Bí kò bá rí ọmọ tuntun wọ̀, ó kú nìyẹn. Èkejì, kì í pa ojú dà bí ọ̀fìnkìn ọdọọdún tí abẹ́rẹ́ àná kò fi ní mọ̀ ọ́n lónìí. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fa láti ara kòkòrò tí Enders àti Peebles mú ní Boston ní 1954 ṣì ń dá a dúró níbi gbogbo láyé. Ẹ̀kẹta, ẹni tó bá ti ṣe é, tàbí tó gba abẹ́rẹ́ tó sì mú un lára, ó bọ́ nìyẹn. Ìtàn kan wà tó fi èyí hàn. Ní 1846, èéyi wọ erékùṣù Faroe, tó wà lábẹ́ ìjọba Denmark ní òkun àríwá. Ọdún 65 ni àrùn náà ti kúrò níbẹ̀. Nínú bí ènìyàn 7,800, bí 6,000 ló dùbúlẹ̀ láàrin oṣù díẹ̀. Ìjọba rán dókítà ọ̀dọ́ kan lọ, Peter Panum. Ó rí i pé nínú àwọn arúgbó tó ti ṣe èéyi ní 1781, kò sí ẹyọ kan tó tún ṣe é. Àwọn tí kò ṣe é nígbà yẹn, bí wọ́n tiẹ̀ ti di arúgbó, gbogbo wọn ló kó o bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ ẹ̀ rí i? Ó dáàbò bo ènìyàn fún ọdún 65. Kí 1846 tó dé sì ni èéyi ti pòórá fúnra rẹ̀ ní erékùṣù yẹn, láìsí abẹ́rẹ́, láìsí dókítà, nítorí pé ó jẹ ọmọ ibẹ̀ tán, kò sì rí ẹni tuntun jẹ mọ́.

Àwọn tí wọ́n bá sọ fún wa pé kò sí àrùn tó tún lè tán lẹ́yìn ṣànpọ̀nná, kí wọ́n lọ bi àwọn Fúlàní tó wà ní gáà ní ẹ̀yìn Kétu àti ní ọ̀nà Ṣábẹ. Àrùn màlúù kan wà tí Faransé ń pè ní peste bovine. Ó ń pa odidi agbo láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sọ ọlọ́rọ̀ di alágbe. Ìbátan èéyi gan-an ni, wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìdílé kan náà. Dókítà ẹran kan tó ń jẹ́ Walter Plowright ṣe abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní Kẹ́ńyà, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn darandaran fúnra wọn sì gbé e tẹ̀lé màlúù wọ inú aginjù. Ní 2011, wọ́n kéde pé àrùn náà ti tán láyé. Nítorí náà, a ti lé ìbátan èéyi kúrò lára màlúù. Àwa tí a wà níbí rò ó pé ó yẹ kí ó ti ọmọ ènìyàn lójú pé màlúù ló ṣáájú ọmọ rẹ̀.

Ẹ tún rántí sòbìà. Ní agbègbè Zou àti Collines, kò sí àgbẹ̀ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí kò mọ̀ ọ́n. Kò sí abẹ́rẹ́ kankan fún un. Omi mímọ́, aṣọ ìsẹ́ omi, àti àwọn ará abúlé tó ń ṣọ́ adágún, òun ló lé e. Lónìí, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò mọ ohun tó ń jẹ́ sòbìà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ibi tó ti le. Èéyi ló ń ràn jù nínú gbogbo àrùn tí a mọ̀. Ọmọ kan tó ní i, bó bá wà láàrin àwọn tí kò ní ààbò, lè kó o ran ẹni 12 sí 18. Bí ọmọ náà bá ti kúrò nínú yàrá, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣì lè kó o ran ẹlòmíràn fún wákàtí méjì. Ó tún burú ju ṣànpọ̀nná lọ ní ọ̀nà kan: ṣànpọ̀nná kì í ràn kí ó tó hàn lójú, nítorí náà wọ́n lè ká aláìsàn mọ́lé, kí wọ́n gún àwọn tó yí i ká lábẹ́rẹ́. Èéyi, ọjọ́ mẹ́rin kí ó tó sú jáde lára ni ó ti ń ràn. Nígbà tí ìyá bá fi máa rí i pé ara ọmọ ti pọ́n, ọmọ náà ti lọ sí ọjà, ó ti lọ sí ìsìn, ó ti jókòó sẹ́yìn ìyá rẹ̀ lórí sẹ́mí.

Ẹ bá wa ṣírò díẹ̀, a kò ní pẹ́. OMS ní ní 2024, nínú ọmọ 100 láyé, 84 ló gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ tí a bá fún ọmọ ní oṣù kẹsàn-án, bíi ti ọ̀dọ̀ wa, ó ń mú bí ọmọ 85 nínú 100. Bí a bá fi èyí wo 84 yẹn, bí 71 ló ní ààbò, 29 ló ṣí sílẹ̀. Ọmọ aláìsàn kan tó lè ran ẹni 15 yóò rí bí mẹ́rin nínú wọn mú. Mẹ́rin yóò ran 16, iná ti ràn nìyẹn. Kí iná kú, kò gbọ́dọ̀ rí ju ẹyọ kan lọ mú nínú 15, ìyẹn ni pé bí 14 nínú 15 gbọ́dọ̀ ní ààbò. Ibẹ̀ ni 95 nínú 100 tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ ti wá. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ kan kò fi tó. Ọmọ gbọ́dọ̀ gba ìkejì nígbà tó bá ti pé oṣù 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kí ẹni tí àkọ́kọ́ kò mú lára, kí ìkejì mú un. Bí ó bá gba méjèèjì, bí 97 nínú 100 ló bọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ìkejì yẹn, ní 2024, 76 péré nínú 100 ló gbà á ní gbogbo ayé.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí a kì í gbọ́ kí wọ́n sọ. Abẹ́rẹ́ ṣànpọ̀nná ń fi àpá sílẹ̀. Ẹ na apá yín, ẹ̀yin àgbà, ẹ óò rí i. Òṣìṣẹ́ tó bá wọ ilé kan lè ka apá, kó sì mọ ẹni tó kù. Abẹ́rẹ́ èéyi kò fi nǹkan kan sílẹ̀ lára. Carnet nìkan ló mọ̀, carnet náà sì wà lábẹ́ ẹní, níbi tí ikán ti ń jẹ ẹ́.

Síbẹ̀, àwọn kan ṣe é. Gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti Kánádà dé Ajẹntínà, gba ìwé ẹ̀rí ní 2016 pé èéyi ti kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ó tún bọ́ lọ́wọ́ Fẹnẹsúẹ́là ní 2018, ó bọ́ lọ́wọ́ Bùràsíìlì ní 2019, wọ́n tún jà padà gbà á ní 2024, Kánádà sì tún pàdánù rẹ̀ ní 2025. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn. Ní agbègbè Áfíríkà ti OMS, Kepu Fáàdì, Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì àti Ṣéṣẹ́lì ló kọ́kọ́ gbà á, ní 2025. Erékùṣù ni gbogbo wọn, ẹ kíyè sí i. Òkun ni ààlà wọn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Ààlà tiwa, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló fà á ní 1889, wọ́n gé ilẹ̀ Kétu sí méjì. Mẹ̀kọ bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ààfin Alákétu kù sí ọ̀dọ̀ Faransé. Ìlára pàápàá, ìlú kan náà, ìdílé kan náà, ó ní apá níhìn-ín, ó ní apá lọ́hùn-ún. Èéyi kò mọ ààlà yẹn, àwọn obìnrin wa tó ń ná ọjà náà kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ìwé ìṣirò abẹ́rẹ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Nàìjíríà ṣe campagne ńlá tiwọn láti oṣù kẹwàá ọdún 2025; tiwa ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà lóko ní ìhà Mẹ̀kọ nígbà tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ ní Kétu, tó sì ti padà sí Kétu nígbà tí wọ́n ń gún un ní Mẹ̀kọ, wọn kò kà á ní ibì kankan. Kì í ṣe pé ìyá kọ̀. Ọjọ́ ló kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sì rántí pé Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tí ọmọ tí kò gba àjẹsára rárá pọ̀ sí jù láyé ní 2023, wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì. A kò sọ èyí láti fi àbùkù kan ará wa. À ń sọ ọ́ nítorí pé ibi tí èéyi yóò ti wọlé nìyẹn, bí tiwa náà ṣe lè wọ ọ̀dọ̀ wọn.

Ṣé ó tó kí Alákétu àti àwọn ọba ìhà kejì jókòó pọ̀ nígbà ọdún nìkan, kí wọ́n jó, kí wọ́n ya fọ́tò? A rò pé àwọn ló lè ṣe ohun tí mínísítà méjì kò lè ṣe láìkọ lẹ́tà ogún: kí wọ́n mú ọjọ́ kan náà. Kí akéde lu agogo ní Ìlára méjèèjì ní òwúrọ̀ kan náà. Kò ná ẹnikẹ́ni ní fáráǹkì kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìgò, òun gan-an ló mú wa kọ ìwé yìí. Abẹ́rẹ́ èéyi a máa wá nínú ìgò kékeré, ìyẹ̀fun gbígbẹ ni, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìgò kan jẹ́ ti ọmọ mẹ́wàá. Inú òtútù ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, láàrin ìwọ̀n 2 sí 8. Nígbà tí wọ́n bá ti po omi mọ́ ọn, wákàtí mẹ́fà péré ló ní, èyí tó bá ṣẹ́ kù, dídà ni. Òṣìṣẹ́ ìlera tí ọ̀gá rẹ̀ ń bá wí nítorí abẹ́rẹ́ tó ṣòfò, kí ni yóò ṣe bí ọmọ méjì péré bá wá? Yóò ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, títí wọn óò fi pé. Ìyá tó ti rin kìlómítà mẹ́wàá láti oko, tó ti san owó sẹ́mí, yóò padà. Ṣé yóò tún wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Bí ó bá jẹ́ àsìkò èbù iṣu ńkọ́? A ti jókòó ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kan ní agbègbè wa, a kò ní dárúkọ rẹ̀, a sì rí ìyá mẹ́ta tí wọ́n dá padà ní òwúrọ̀ ẹyọ kan. Òṣìṣẹ́ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìṣirò tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe.

Ṣùgbọ́n OMS fúnra rẹ̀ sọ ọ́ kedere: kí wọ́n ṣí ìgò bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló wá. Abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án tó dà nù kò wọ́n tó ọmọ kan tí èéyi mú. Àwa tí a ti ṣiṣẹ́ ìjọba, a mọ bó ṣe ń rí: ìwé àṣẹ yóò wà, òǹtẹ̀ yóò wà lára rẹ̀, yóò sì dúró sínú àpótí ọ̀gá. Ta ni yóò wá ṣí ìgò? Bí àwọn ìjòyè wa bá mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ọmọ ni, tí wọ́n sì bi òṣìṣẹ́ náà pẹ̀lẹ́, níwájú àwọn ìyá, pé "ọmọ mi, kí ló dé tí o kò ṣí i?", a rò pé yóò ṣí i. Kí ìjòyè náà sì bá a kọ ọ́ sí ìwé, kí ọ̀gá rẹ̀ má bàa bá a wí.

Àwọn onímọ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí ohun tí yóò gbà wá lọ́wọ́ ìgò pátápátá: àlẹ̀mọ́ kékeré kan tí abẹ́rẹ́ tín-ín-tín-ín wà lára rẹ̀, tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ọmọ lára, ọ̀kan fún ọmọ kan. Gáńbíà ni wọ́n ti dán an wò lára ọmọdé, Gáńbíà kan náà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Èsì rẹ̀ jáde ní 2024, ó sì dára. Bó bá dé, a óò jó. Ṣùgbọ́n kò tíì dé, èéyi kò sì ní dúró dè é.

Àwọn kan ń béèrè pé kí ló dé tí a ó fi náwó sórí èéyi nígbà tí ibà ń pa ọmọ jù ú lọ. Ìbéèrè òtítọ́ ni. Ìdáhùn wa ni pé ibà kò ní abẹ́rẹ́ tó lè mú un tán láyé, èéyi ní. Kí abẹ́rẹ́ tó dé, èéyi ń pa bí ènìyàn mílíọ̀nù 2.6 lọ́dọọdún; ní 2024, bí 95,000 ló pa, ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọ tó bá sì là á já, kì í tètè bọ̀ sípò. Èéyi ń nu ìrántí ara nù: ààbò tí ara ọmọ ti ní sí àwọn àrùn mìíràn, ó ń pa púpọ̀ nínú rẹ̀ rẹ́, kí òtútù àyà àti ìgbẹ́ gbuuru tún wá bá a bí ẹni tí kò pàdé wọn rí. Ojú a sì máa fọ́. Àwọn ìyá wa àgbà mọ̀ èyí, wọ́n máa ń sọ pé èéyi kò tíì lọ bí kò bá tíì lé ní oṣù mẹ́ta.

Àwọn àgbà náà ní ìtọ́jú tiwọn, ẹmu ni wọ́n fi ń pa ọmọ lára. A kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹmu tí a fi pa ara. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ebi pa ọmọ náà, kí wọ́n má fi ẹran àti ẹyin dù ú ní orúkọ èèwọ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ gba fítámì A ní ilé ìwòsàn, ẹ̀ẹ̀mejì, lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀léra. Òun ló ń gba ojú là.

Ní ti àwọn tó ń gbé ahesọ kiri lórí tẹlifóònù pé abẹ́rẹ́ yìí ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́: dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, Andrew Wakefield, ló dá ìtàn yẹn sílẹ̀ ní 1998. Ìwé ìròyìn tó tẹ̀ ẹ́ fà á padà ní 2010, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn dókítà. Ẹ wo ohun tí ìbẹ̀rù ń ṣe. Ní Sàmóà, ní 2018, ọmọ méjì kú nítorí pé àwọn nọ́ọ̀sì po abẹ́rẹ́ mọ́ oògùn mìíràn dípò omi rẹ̀. Àṣìṣe ènìyàn ni, abẹ́rẹ́ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìjọba dá abẹ́rẹ́ dúró, àwọn òbí bẹ̀rù, bí ọmọ 31 péré nínú 100 ló gbà á ní ọdún yẹn. Ọdún tó tẹ̀lé e, èéyi dé, ó pa 83 ní orílẹ̀-èdè tí kò ju bí ènìyàn 200,000 lọ.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kàn, a ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Amẹ́ríkà nìkan ló ń san owó àwọn ilé àyẹ̀wò tó lé ní 700 tó ń wá èéyi kiri ayé. Ní 2025, wọ́n dá owó yẹn dúró, wọ́n sì ní àwọn kò ní fún Gavi, àjọ tó ń bá àwọn orílẹ̀-èdè tálákà ra abẹ́rẹ́, ní owó mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ètò 1967 náà ló ń kan ilẹ̀kùn yẹn. Bí olóore bá lọ, ṣé a óò tún joyè kí àrùn padà? Àwọn aṣòfin wa tó ń wá sí Kétu àti Ṣábẹ nígbà ìbò, tí wọ́n ń pín aṣọ àti ìrẹsì, ẹ bi wọ́n léèrè níwájú gbogbo ènìyàn: èló ni owó abẹ́rẹ́ nínú ìwé ìṣúná ọdún yìí? Èló ni a san fúnra wa? Bí wọn kò bá mọ̀, kí wọ́n lọ wádìí kí wọ́n tó padà wá.

Ọdún tí wọ́n máa ń dá fún ìparí èéyi, àwa kò kà á sí mọ́. Wọ́n ti sọ 2020 fún Áfíríkà, 2020 ti kọjá. Pólíò, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé ní 1988, wọ́n ní kò ní kọjá 2000, ó ṣì wà ní Pàkísítánì àti Afuganísítánì dòní. Ọdún kò ṣe pàtàkì tó ọmọ tó kàn láti gba abẹ́rẹ́.

Nítorí náà, ohun tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe kéré, ó sì wà ní àrọ́wọ́tó. Ààfin àti agbo ilé mọ ọmọ tí wọ́n bí kí mairie tó mọ̀. Ọjọ́ kẹjọ la ń sọmọ lórúkọ, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Kí ìjòyè tàbí akọ̀wé rẹ̀ kọ orúkọ ọmọ náà sínú ìwé lọ́jọ́ yẹn, orúkọ ìyá, ọjọ́ ìbí, oṣù tí yóò pé mẹ́sàn-án, oṣù tí yóò pé 15. Lóṣooṣù, kí wọ́n ka àwọn tó kàn, kí wọ́n rán ẹnìkan sí ilé wọn, kí wọ́n sì fún ilé ìwòsàn ní orúkọ wọn ṣáájú. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí gbogbo wọn lọ ní ọjọ́ kan náà, ìgò kò ní ṣòfò nìyẹn. Ọmọ gáà wà nínú rẹ̀, ọmọ àlejò tó ń dáko wà nínú rẹ̀. Èéyi kò ní béèrè ìlú tí bàbá wọn ti wá.

A ti ra ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́fà. Mẹ́ta ti lọ sí abúlé, mẹ́ta kù lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ìjòyè tó bá fẹ́ ọ̀kan, kí ó rán ẹnìkan wá gbà á kí oyẹ́ tó mú, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn ni èéyi máa ń jà jù ní ọ̀dọ̀ wa.